Bíréèkì tó wà nínú ara wa

Ẹ̀yin tí wọ́n ń ta “immune booster” fún, ẹ dúró ná, mo ní ìtàn kan fún yín.

Sẹ́ẹ̀lì T ni ọmọ ogun ara wa. Tí wọn ò bá ní bíréèkì, ara fúnra rẹ̀ ni wọ́n á máa bá jà. Ní 1987, àwọn onímọ̀ ní Faransé rí purotéènì kan, CTLA-4. Ní 1992, láàbù Tasuku Honjo ní Kyoto, Japan, rí PD-1. Bíréèkì làwọn méjèèjì.

Jẹjẹrẹ gbọ́n o: ó máa ń tẹ bíréèkì yẹn.

Ní 1994, James Allison ní Amẹ́ríkà tú bíréèkì CTLA-4 lára eku. Jẹjẹrẹ eku pòórá! Síbẹ̀, 2011 ni wọ́n tó fọwọ́ sí oògùn rẹ̀ fún èèyàn. Òun àti Honjo gba Nobel ní 2018.

Lónìí, láàbù ń ṣe PD-1 èèyàn sínú ìgò kékeré, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá oògùn tuntun á lẹ̀ mọ́ ọn kó tó kan aláìsàn. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, torí tí bíréèkì bá tú jù, ọmọ ogun lè kọlu ìfun tàbí ẹ̀dọ̀fóró.

Torí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní òun á fún ọmọ ogun yín lágbára, ẹ bi í pé: bíréèkì ńkọ́?