Kí ló dé tí quail yín fi ń pa ara wọn? Ìtàn ẹyẹ kan, láti Japan dé ẹ̀yìnkùlé wa ní Òjé

🧵

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ bí. Ìbéèrè kan ló ń kún DM mi: "Sis, mo ra quail 20, ó ti ku 14. Wọ́n ń fẹnu sọ ara wọn lórí títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Àbí èyí tí kò dáa ni wọ́n tà fún mi?" Ó lè máà jẹ́ ẹjọ́ ẹni tó tà á rárá o. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

2/ Orúkọ ná. Àparò tí àwọn bàbá wa ń lé nínú oko àgbàdo kì í ṣe quail. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, àmọ́ àparò tóbi jù ú lọ dáadáa. Bíbélì Yorùbá ló pe quail tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jẹ nínú aginjù ní àparò (Ẹ́kísódù 16). Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pè é bẹ́ẹ̀ dòní.

3/ Èyí tí à ń sìn, Coturnix japonica, ará Japan ni. Ọdún 1992 ni NVRI, ilé ìwádìí ìṣègùn ẹran ọ̀sìn tó wà ní Vom lẹ́bàá Jos, kó o wọ Nàìjíríà. Kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà jù mí lọ nílùú yìí. Adìẹ ti bá wa gbé láti ayé àwọn baba ńlá wa. Quail ò tíì rí ìyá àgbà kankan tó máa sọ ìwà ẹ̀ fún wa.

4/ Ní Japan láyé àtijọ́, kì í ṣe torí ẹyin ni wọ́n ṣe ń sìn ín. Ohùn ni! Àwọn ọkùnrin máa ń gbé akọ quail síta kí wọ́n lè mọ èyí tí igbe rẹ̀ dùn jù. Akọ kan, kéèjì kan. Torí kí ni igbe akọ? "Ilẹ̀ mi rèé, ẹ má wọ ibí. Ẹ̀yin abo, mo wà ńlé." Ìpèníjà ni.

5/ Níbòmíì, ìjà gan-an ni wọ́n ń fi wọ́n jà. Wọ́n ṣe é ní China, wọ́n ṣe é ní Afghanistan. Plutarch kọ ọ́ pé nígbà tí Antony àti Octavian bá fi quail jà ní Róòmù, ti Octavian ló máa ń borí. Ẹ wò ó, ẹyẹ tí kò ju ọwọ́ èèyàn lọ, òun ni àwọn ọba ń fi ta kánńdà!

6/ Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni Japan wá kọjú sí ẹyin àti ẹran rẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ run gbogbo ẹyẹ yẹn tán. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ni wọ́n fi tún un bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yàn án títí ó fi ń yé ẹyin ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Ó tiẹ̀ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sàba: ẹ̀rọ la fi ń pa ẹyin rẹ̀, ọjọ́ 17. Àmọ́ ìjà? Ìyẹn ò kúrò lára ẹ̀.

7/ Ṣé ẹ ti rí i? Àwọn tó kọ́kọ́ sìn ín mọ̀ pé akọ méjì kì í gbé kéèjì kan. Àwa wá ń kó akọ 8 sínú páálí ìńdómì kan, a ní ayé ló ń ṣe wá.

8/ Ó yẹ kí àwa ará Ìbàdàn tètè mòye èyí. Lẹ́yìn tí Òwu fọ́, ní nǹkan bí 1829, àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá jọ kóra jọ sí bùdó kan níbí. Kò pẹ́, Ẹ̀gbá ṣí lọ sí Abẹ́òkúta (1830). Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ náà dojú ìjà kọra, ó di ogun Gbánámú. Ẹ má bínú o, mi ò fi bàbá ńlá ẹnikẹ́ni wé ẹyẹ 😂. Mo kàn ń sọ pé alágbára tó pọ̀ jù nínú bùdó kan, ìjà ló máa bí.

9/ Ó yá, ilé wọn. Òjé tí mò ń gbé, ẹ mọ̀ ọ́n: ilé wọnú ilé, ọjọ́ ọjà aṣọ òkè, ibi tí ẹsẹ̀ máa gbà ò sí. Kò sí ilẹ̀ fún oko. Torí náà, abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni mo to kéèjì sí, ọ̀kan lórí ìkejì. Kéèjì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 ní gígùn, 2 ní ìbú: akọ 1, abo 3. Ó parí.

10/ Bí wọ́n bá ti tó ọ̀sẹ̀ 3, àyà akọ á pọ́n rúsúrúsú, ti abo á ní àmì tóótòòtó dúdú. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ yà wọ́n. Bí akọ bá pọ̀ jù, gbogbo wọn lá máa gun abo, tí wọ́n á fi ẹnu fa ìyẹ́ ẹ̀yìn orí ẹ̀ tu. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ báyìí, àwọn tó kù á dà bò ó. Akọ tó ṣẹ́kù? Ẹ tà á tàbí kẹ́ ẹ jẹ ẹ́.

11/ Kí òrùlé kéèjì lọ sílẹ̀, 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà. Bí ẹ̀rù bá bà wọ́n, òkè gangan ni wọ́n máa ń fò sí. Kéèjì tó ga díẹ̀ sí i á fún wọn láyè láti sáré fọ́ orí.

12/ Iná: wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́ ló ń mú wọn yé ẹyin dáadáa, àmọ́ kó má mọ́lẹ̀ jù. Iná tó ń ta ojú máa ń dá kún ìjà.

13/ Àlejò: ẹ má ṣàdédé ju ẹyẹ kan sáàárín àwọn tó ti mọra wọn. Àparò kan ò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Wọ́n á jà títí wọ́n á fi mọ ẹni tó wà lórí ebè. Kéèjì tuntun ni kẹ́ ẹ kó gbogbo wọn sí lẹ́ẹ̀kan náà, kó má sí onílé. Èyí tó bá fara pa, ẹ yọ ọ́ kíá.

14/ Kí ló dé tí mo fi ń pariwo? Owó ni. Wọ́n polówó ẹyin quail fún wa bí ẹni pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Oúnjẹ gidi ni, kì í ṣe oògùn ìyanu. Ní Kenya, 2013 sí 2014, gbogbo èèyàn ya bò ó, wọ́n ń wá ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Kenya Wildlife Service. Ẹyin pọ̀ yamùrá lọ́jà, owó ẹ̀ já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ jẹ gbèsè.

15/ Torí náà, graduate tó fẹ́ fi owó àjọ bẹ̀rẹ̀, kọ́kọ́ ka kéèjì kó o tó ka ẹyẹ. Wá ẹni mẹ́wàá tó máa ra ẹyin lọ́wọ́ ẹ ná. Ẹ tag ẹni tó ní akọ 8 nínú páálí. Ẹ gbà wọ́n lọ́wọ́ ara wọn 🙏🏾