Láti Inú Ìfun Ọmọ Ogun Dé Inú Kókó Jẹjẹrẹ

Lọ́dún 1917, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, kì í ṣe ọta ìbọn nìkan ló ń pa àwọn ọmọ ogun. Ìgbẹ́ ọ̀rìn náà ń pa wọ́n. Dókítà ará Jámánì kan, Alfred Nissle, tó ń ṣiṣẹ́ nílùú Freiburg, kíyè sí ọmọ ogun kan tó ti jagun ní agbègbè Dobruja, níbi tí àrùn náà ti dá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Inú tirẹ̀ kò tilẹ̀ run. Nissle gba ìgbẹ́ ọkùnrin náà (ẹ má rẹ́rìn-ín), ó sì yọ oríṣi E. coli kan jáde nínú rẹ̀, èyí tó máa ń bá àwọn kòkòrò burúkú du àyè nínú ìfun. Ó fi í ṣe oògùn tó pè ní Mutaflor. Títí dòní, E. coli Nissle 1917 ni wọ́n ń pe kòkòrò náà. Orúkọ dókítà ni wọ́n fi pè é, kì í ṣe orúkọ ẹni tó ni ìfun.

Ibo ni jẹjẹrẹ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Jámánì, ká lọ sí New York ní 1890. Ọmọbìnrin ẹni ọdún 17 kan, Elizabeth Dashiell, gbé ọwọ́ tó ń dùn ún lọ bá dókítà oníṣẹ́ abẹ William Coley. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé apá rẹ̀, síbẹ̀ ó kú ní oṣù kìíní 1891. Ikú náà kò kúrò lọ́kàn Coley. Ó tú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn àtijọ́, ó sì rí ìtàn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stein, tí kókó ọrùn rẹ̀ máa ń hù padà bí wọ́n bá ti gé e. Àfìgbà tí àrùn awọ ara kan kọlù ú pẹ̀lú ibà líle, ni kókó náà bá pòórá. Coley wá a káàkiri ìlú títí ó fi rí i láàyè, láìsí jẹjẹrẹ lára rẹ̀.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn gba àyà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ gún kòkòrò àrùn yẹn sí àwọn aláìsàn lára. Ara àwọn kan yá, àrùn náà sì pa àwọn mìíràn. Ó wá yí sí kòkòrò tó ti kú, ṣùgbọ́n nígbà tí ìtọ́jú onítànṣán dé, ọ̀pọ̀ dókítà kẹ̀yìn sí i. Èmi ò lè dá wọn lẹ́bi: Coley kò lè ṣàlàyé ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan tí kì í ṣiṣẹ́ fún èkejì.

Ní 1955 ni apá kan ọ̀rọ̀ náà yé ni. Malmgren àti Flanigan, ní Amẹ́ríkà, gún kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì tó wà ní ipò oorun fún àwọn eku. Àwọn eku tí ara wọn dá, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn tó ní kókó jẹjẹrẹ kú láàárín ọjọ́ méjì. Inú kókó ni kòkòrò náà ti rí ibi jí, nítorí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kò tó níbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí aláìsàn tí irun rẹ̀ re, tó ń bì látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nítorí oògùn jẹjẹrẹ, á mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Oògùn ń kọlu gbogbo ara. Kòkòrò yìí mọ ilé tó ń lọ.

Àwa náà mọ ọ̀kan nínú irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ BCG tó fi àpá sí wa lápá, bakitéríà ààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀. Ní 1976, Alvaro Morales ní Kánádà kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn mẹ́sàn-án tó dà á sí inú àpò ìtọ̀ wọn nítorí jẹjẹrẹ. Wọ́n ṣì ń lò ó dòní. Salmonella kò ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀: nínú àwọn 25 tí wọ́n gún un fún nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2002, kò sí ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ súnkì.

Àwọn olùwádìí wá yíjú sí kòkòrò ọmọ ogun wa, tí àwọn ènìyàn ti ń gbé mì láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 2020, àwọn ará Yunifásítì Columbia tún àbùdá rẹ̀ ṣe: kó máa po oògùn, kó sì máa bí sí i nínú kókó, bí wọ́n bá ti pọ̀ tó iye kan, kí wọ́n bẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí oògùn tú jáde. Ìwọ̀nba tó bá kù á tún bẹ̀rẹ̀. Lára eku ni wọ́n ti ṣe èyí, kókó wọn sì kéré sí i. Ní ti ènìyàn, àbájáde ìwádìí kan jáde ní 2023 nípa aláìsàn 32 tí jẹjẹrẹ wọn ti le, tí wọ́n gún irú Nissle mìíràn sínú kókó wọn. Nínú wọn, jẹjẹrẹ àwọn mẹ́rin dúró lójú kan.