Ìtumọ̀ Àjọ̀dún Fìtílà Àwọn Híńdù

Kò sí ẹni nínú wa ní Okokomaiko tí kò mọ̀ pé etí òkun láti Àgbádárìgì dé Èkó ni ẹnu ọ̀nà tí àlejò ń gbà wọ ilẹ̀ wa, olúkúlùkù pẹ̀lú ọjà rẹ̀ àti ìsìn rẹ̀. Nínú wọn ni àwọn oníṣòwò ará Índíà. Ilé ìṣòwò Chellaram, tí a mọ̀ káàkiri Èkó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1923. Àwọn ọmọ ìjọ wa ń bá irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ rà, wọ́n sì ń bá wọn tà. Àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn. Nígbàtí wọ́n bá sì rí fìtílà púpọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ọ̀gá wọn ní oṣù kẹwàá tàbí oṣù kọkànlá, wọn a máa bi wá pé: Kí ni ìtumọ̀ èyí? Ìbéèrè náà yẹ fún ìdáhùn.

Orúkọ àjọ̀dún náà ni Diwali, tàbí Deepavali, èyí tí ó túmọ̀ sí ọ̀wọ́ fìtílà ní èdè Sanskrit. Ọjọ́ márùn-ún ni a fi ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ibi. Òru tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni òru tí kò sí òṣùpá rárá. Ẹ kíyèsí èyí: òru tí ó ṣókùnkùn jùlọ nínú oṣù ni wọ́n yàn láti tan iná.

Ìtàn tí púpọ̀ nínú wọn ń sọ, pàápàá ní ìhà àríwá Índíà, ni ti Rama, ọmọ ọba Ayodhya, tí ó fi ọdún 14 ṣe àtìpó nínú igbó. Ravana, ọba àwọn ẹ̀mí búburú, jí Sita aya rẹ̀ gbé. Ṣùgbọ́n Rama ṣẹ́gun rẹ̀, ó sì mú aya rẹ̀ padà wá sílé. Àwọn ará ìlú tan fìtílà láti fi pàdé rẹ̀. Nítorínà, ẹni tí ó bá tan fìtílà alámọ̀ lónìí, pẹ̀lú òróró àti òwú bí ti àwọn baba wa, ń jẹ́wọ́ pé ìyà àtìpó ní òpin, pé òdodo yóò borí, ó sì ń fẹ́ kí òkùnkùn àìmọ̀ kúrò ní ọkàn òun.

Ní òru kan náà ni wọ́n ń bọ Lakshmi, òrìṣà ọlà. Wọn a ti gbá ilé mọ́ fínnífínní ṣáájú. Láàrin àwọn oníṣòwò, pàápàá àwọn ará Gujarat, a máa gbé ìwé ìṣirò tuntun síwájú òrìṣà náà kí a tó bẹ̀rẹ̀ òwò ọdún tuntun.

Púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò Índíà tí ó kọ́kọ́ dé ìwọ̀ oòrùn Áfríkà jẹ́ ará Sindh. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1947 a pín Índíà sí méjì, Sindh sì bọ́ sí apá Pakistan. Èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn Híńdù ibẹ̀ fi ilé àti ọ̀nà sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ wọn ń tan fìtílà ìpadàbọ̀ Rama, nígbàtí àwọn fúnra wọn kò ní ilé baba tí wọn yóò padà sí.

Bẹ́ẹ̀ni ìsìn náà kò dúró sí ọ̀dọ̀ àwọn ará Índíà nìkan. Ní Accra, ọmọ Gánà kan tí a bí ní Senya Beraku, tí ó gba orúkọ Swami Ghanananda Saraswati, ṣe olórí ilé ìsìn Híńdù tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, títí ó fi kú ní ọdún 2016. Àwọn ènìyàn dúdú bí àwa ni ó ń jọ́sìn níbẹ̀.

Kí ni àwa yóò ha wí sí nǹkan wọ̀nyí? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí pé àjọ̀dún tiwa pẹ̀lú ti jẹ́ àjọ̀dún àlejò ní etí òkun yìí. Ní Kérésìmesì ọdún 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Wesley àti Henry Townsend ti C.M.S. jọ wà ní Àgbádárìgì, láàrin àwọn ènìyàn tí púpọ̀ wọn kò tíì gbọ́ nípa Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Àwọn onílẹ̀ kò lé wọn. Ẹ rántí ajíhìnrere E. M. Lijadu pẹ̀lú, tí a tẹ ìwé rẹ̀ lórí Ifá ní ọdún 1898. Kò wólẹ̀ fún Ifá. Ṣùgbọ́n ó wádìí rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ni Paulu Àpọ́sítélì ṣe ní Aténì: ó rìn káàkiri, ó wo pẹpẹ wọn, lẹ́hìn èyí ni ó tó la ẹnu rẹ̀.

Àwa kì yóò bọ Lakshmi, nítorí Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ni àwa mọ̀, Ẹni tí a bí ní ibùjẹ ẹran, a kò sì ń sìn Ín nítorí ọlà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa ààlà yìí rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gàn kì í ṣe ẹ̀rí Kristi. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í wí pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Oníṣòwò Híńdù ń gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ síwájú ohun tí ó ń sìn. Ta ni nínú wa tí ó lè gbé tirẹ̀, pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀ àti gbèsè rẹ̀, wá síwájú pẹpẹ ní òwúrọ̀ Kérésìmesì láìtijú? Aṣọ tuntun àti ìrẹsì kò lè dáhùn ìbéèrè yìí fún wa. Nígbàtí aládùúgbò yín bá tún tan fìtílà rẹ̀, ẹ kí i, ẹ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì múra láti sọ ìtumọ̀ tiyín nígbàtí òun náà bá béèrè.