Owó Ìjọba àti Ìwádìí Àjùmọ̀ṣe ní Gabon

Ọdún 1979 ni Ilé Ìwádìí Ìṣègùn Àgbáyé ti Franceville, tí a mọ̀ sí CIRMF, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní gúúsù-ìlà-oòrùn Gabon. Àìrọ́mọbí tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ náà ló fa ìdásílẹ̀ rẹ̀. Ìjọba Ààrẹ Omar Bongo ní Libreville àti ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì Elf Gabon ni wọ́n gbé bùkátà rẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti Gabon, ilẹ̀ Faransé àti ibòmíràn sì jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Èrè owó yìí kọjá ète àkọ́kọ́. Nígbà tí àrùn Ẹ̀bólà bẹ́ sílẹ̀ ní Gabon láàárín ọdún 1994 sí 1997, ilé àyẹ̀wò àti àwọn onímọ̀ ti wà nílẹ̀. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ CIRMF àti alábàáṣiṣẹ́ wọn kéde pé àwọn rí àmì kòkòrò àrùn náà lára ẹ̀yà àdán mẹ́ta tí ń jẹ èso, tí wọ́n mú ní Gabon àti Kóńgò. Àdán kò mọ ẹnubodè. Ìwádìí tó ń tọpa rẹ̀ kò lè dúró sí ẹnubodè.

Ṣùgbọ́n bí iye owó epo rọ̀bì bá já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, àpò ìjọba tó gbára lé e a fúyẹ́. Nítorí náà, ilé ìwádìí tó ń ṣọ́ àrùn fún odindi ẹkùn nílò ju orísun owó kan lọ.