Ìwé Ẹ̀rí Kòkó àti Oko Àwọn Bàbá Wa

Nígbàkúùgbà tí ìwé ẹgbẹ́ wa bá jáde, ọ̀rọ̀ ọba, oyè, ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ ni ó máa ń gba ojú ewé. A kò bá a jà. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí a bẹ olóòtú pé kí ó fún wa ní àyè díẹ̀ láti sọ̀rọ̀ nípa bébà kan tí kò lẹ́wà lójú, tí ó sì ti san owó ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí ní Èkó àti ní London: ìwé ẹ̀rí tí olùyẹ̀wò ìjọba ń fọwọ́ sí kí àpò kòkó tó lè wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi jẹ́ kánkán lọ́wọ́ wa yóò hàn bí a bá dé ìsàlẹ̀.

Kòkó kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ó ti ṣẹ̀ wá, erékùṣù Fernando Po ni ó sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1874 ni Olóyè Squiss Ibaningo gbìn ín sí Bonny. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni J. P. L. Davies dá oko tirẹ̀ nítòsí Agége. Láti oko rẹ̀ àti ti J. K. Coker ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n lọ ṣe lébìrà ti kó èso kòkó padà sílé. Ogun Kírìjì kò tú ká pátápátá títí di ọdún 1893, àwọn tí ó padà sórí ilẹ̀ bàbá wọn sì ń wá ohun tí wọn yóò tà. Àríwá Èkìtì tiwa súnmọ́ ọ̀dàn, iṣu ni a sì fi mọ̀ wá jù. A kò lè fi kòkó wa wé ti Oǹdó tàbí ti Iléṣà. Síbẹ̀, níbi tí ilẹ̀ bá ti ní ọ̀rinrin, igi náà kò kọ̀ fún wa.

Ọjà tí ń lọ sí ọ̀nà jíjìn ní ìṣòro kan: ẹni tí ó rà á kò rí ojú ẹni tí ó tà á. Bí ọbẹ̀ tí a rà lánàá bá kan, a mọ ilé ìyá olóúnjẹ. Ta ni oníṣòwò Liverpool yóò lọ bá? Àwọn kan nínú àwọn àgbà wa mọ èyí dáadáa. Wọ́n ń ta kòkó tútù kí ó lè wúwo lórí òṣùwọ̀n, àwọn mìíràn kò sì ní sùúrù láti bò ó kí ó tó ọjọ́. Kò pẹ́ tí kòkó ilẹ̀ yìí fi ní orúkọ burúkú lókè òkun. Èyí ni ó mú kí Ẹ̀ka Iṣẹ́ Àgbẹ̀, tí ó wà ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí rán àwọn olùyẹ̀wò káàkiri láàrin ọdún 1920 sí 1930. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni ó ń ra gbogbo kòkó. Ní 1947 a dá Ìgbìmọ̀ Títa Kòkó Nàìjíríà sílẹ̀, ní 1954 iṣẹ́ náà sì bọ́ sọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí àyẹ̀wò náà ti rí, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò rí i rí. Àpò kan wọn pọ́n-ùn 140, mẹ́rìndínlógún sì ni tọ́ọ̀nù kan. Olùyẹ̀wò a fi irin ṣóńṣó oníhò gún àpò níbi púpọ̀, a bu díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a dà á pọ̀, a ka èso rẹ̀, a sì fi ọ̀bẹ la á sí méjì ní gígùn. Inú èso ni ẹjọ́ wà. Èyí tí a bò dáadáa nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà máa ń ní àwọ̀ amọ̀ pupa, inú rẹ̀ a sì ya wẹ́wẹ́. Èyí tí a kò bò tó a le, a sì ṣú bíi síléètì tí a fi ń kọ́ ọmọdé ní ìwé nígbà kan rí. Èyí tí kò gbẹ dáadáa a bu. Ní ọdún 1969 àwọn orílẹ̀-èdè tí ń tà àti àwọn tí ń rà fohùn ṣọ̀kan lórí ìlànà kan: nínú èso 300 tí a bá là, kòkó onípò kìn-ín-ní kò gbọdọ̀ ní ju mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún tí ó bu, mẹ́ta tí ó dà bíi síléètì, àti mẹ́ta tí kòkòrò jẹ, tí ó hù tàbí tí ó pẹlẹbẹ. Onípò kejì lè ní mẹ́rin, mẹ́jọ àti mẹ́fà. Bí ó bá yege, a tẹ àmì ipò rẹ̀ sára àpò, a sì fi èdídì òjé dí ẹnu rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tú u láàrin ọ̀nà.

Ọmọ oníkòkó ni àwa náà. Ní ọdún 1981, nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá wa fi wá ṣọ́ kòkó tí a sá sórí ẹní. Bọ́ọ̀lù ni a lọ gbá. Òjò dé, ó pa kòkó, a yára kó o, a fi aṣọ nù ún, a kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ọ̀bẹ olùyẹ̀wò sọ òtítọ́ tí ẹnu wa kò sọ. Àpò méjì ni wọ́n dá padà. Bàbá wa kò nà wá. Ó da kòkó náà sílẹ̀, ó ní kí a jókòó ti òun, a sì ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́dún náà, owó ìwé wa pẹ́ kí ó tó jáde.

A kò ní parọ́ pé gbogbo ọ̀bẹ ni ó mọ́. Olùyẹ̀wò kan wà láyé ìgbà náà tí ojú rẹ̀ kì í ríran dáadáa títí adìyẹ yóò fi wọ inú mọ́tò rẹ̀. Síbẹ̀ ètò náà ṣiṣẹ́, nítorí pé owó ipò kìn-ín-ní ju ti ipò kejì lọ, àgbẹ̀ sì mọ iye rẹ̀ kí ó tó gé èso lórí igi. Ní àárín àwọn ọdún 1950, ipò kìn-ín-ní ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú kòkó Ìwọ̀-Oòrùn. Owó yìí wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní, 1955. Ó wà nínú Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, tí a parí ní 1965. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ọ́ pẹ̀lú pé Ìgbìmọ̀ náà kì í san gbogbo ohun tí kòkó mú wá láti òkè òkun fún ẹni tí ó gbìn ín. Nígbà tí ìjà Agbẹ́kọ̀yà bẹ́ sílẹ̀ ní 1968, iye owó kòkó wà lára ohun tí inú fi ń bí àwọn àgbẹ̀.

Ní ọdún 1986 ìjọba àpapọ̀ pa ìgbìmọ̀ títa kòkó rẹ́. Owó tí àgbẹ̀ ń gbà lọ sókè lójijì, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò mọ kòkó yàtọ̀ sí orógbó di oníṣòwò kòkó mọ́jú, nítorí owó òkèèrè tí náírà ń sá fún. Wọ́n ń ra tútù àti gbígbẹ ní iye kan náà. Ta ni yóò tún jókòó bo kòkó fún ọjọ́ mẹ́fà? Orúkọ rere tí a fi ọgọ́ta ọdún kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí wó láàrin ọdún díẹ̀, ìjọba sì tún ní láti wá àwọn olùyẹ̀wò rẹ̀ padà.

Lónìí bébà náà ti di púpọ̀. Àwọn olùyẹ̀wò ìpínlẹ̀ ń yan ipò, àwọn ti ìjọba àpapọ̀ ń tún un wò ní èbúté, àjọ NAQS sì ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí pé kòkòrò àti àrùn kò sí nínú ohun ọ̀gbìn náà, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 1951. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2008 ni Yúróòpù ti ń wo ìwọ̀n oògùn apakòkòrò inú oúnjẹ pẹ̀lú. Ẹ̀wà ni ó fi ojú Nàìjíríà rí màbo. Ní ọdún 2015 wọ́n bá dichlorvos nínú ẹ̀wà wa, láti mílígíráàmù 0.03 dé 4.6 nínú kílógíráàmù kan, nígbà tí òfin wọn kò gbà ju 0.01 lọ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn fún ọdún kan, wọ́n sì tún un tì lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó da òtàpíàpíà sínú àpò rò pé òun ń lé kòkòrò ni. Iṣu, tí í ṣe tiwa gan-an, kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní oṣù kẹfà ọdún 2017 ìjọba fi ariwo ńlá kó tọ́ọ̀nù 72 ránṣẹ́ sókè òkun, kò sì pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé èyí tí ó dé Amẹ́ríkà ti ń jẹrà.

A ti dé ìsàlẹ̀ tí a ń wí. Ní ọdún 2023 Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tí a gbìn sórí igbó tí a wó lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọ̀dọ̀ wọn. A ti sún ìgbà tí òfin náà yóò mú síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n a kò tíì gbé e jù nù. Ẹni tí ó ń kó kòkó wọlé ní láti fi hàn ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà lórí àwòrán ilẹ̀ ayé. Oko tí kò ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, bí éékà mẹ́wàá, ojú kan péré ni a ó fi àmì sí. Èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó yí ààlà rẹ̀ ká. Oko àwọn bàbá wa kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan níwájú òfin yìí, nítorí pé wọ́n ti wà kí a tó bí wa. Ẹ̀rí ni wọn kò ní. Ọ̀bẹ kò lè là á, àpò kò lè sọ ọ́. Ẹni tí ó mọ ibi tí ààlà gbà nìkan ni ó lè sọ ọ́.

Pèrègún ni bàbá wa gbìn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oko rẹ̀. Lọ́dún tí ó kọjá a mú ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan, tí ó mọ̀ nípa fóònù, lọ síbẹ̀ láti fi àmì sí i. Mẹ́ta ni a rí. Àgbà kan ṣoṣo tí ó mọ ìkẹrin ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ní kí a dúró títí ẹsẹ̀ òun yóò fi lè gbé òun débẹ̀. A ti dá ọjọ́ pẹ̀lú wọn, Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Ẹ̀yin tí oko bàbá yín bá pa ààlà pẹ̀lú tiwa, ẹ kọ̀wé sí wa ṣáájú ọjọ́ náà, kí àwọn àgbà lè bá yín wá tiyín lẹ́ẹ̀kan náà.