Bí a ṣe lè gba ọmọ ajá tuntun lọ́wọ́ ọyẹ́ ní Zaria

Àwa tí a ń gbé Sabon Gari àti Samaru mọ ọyẹ́ ìlú yìí dáadáa. Zaria ga ju ìpele òkun lọ ní ohun tó lé ní 600 mítà, ó sì jìnnà sí òkun. Láti oṣù Kọkànlá wọ oṣù Kejì, atẹ́gùn tí àwọn Hausa ń pè ní hunturu máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Oòrùn lè mú lọ́sàn-án, àmọ́ tó bá di ìdájí, ìgbóná ojú ọjọ́ lè já sí 15 Celsius tàbí kó dín sí i.

Àsìkò yìí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń jí bá òkú ọmọ ajá lẹ́yìn ilé. A ó ní ìyá ló tẹ̀ ẹ́ pa, tàbí pé wàrà kò tó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fura sí òtútù.

Ìdí ni pé fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọmọ ajá kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Kò tíì mọ bí a ṣe ń gbọ̀n. Ojú rẹ̀ pàápàá kì í là títí di bí ọjọ́ 10 sí 14. Ara ìyá àti ara àwọn tí wọ́n jọ bí ni aṣọ òtútù rẹ̀.

Ibùsùn wọn: Ẹ wá páálí ńlá tàbí àpótí pákó tí ìyá lè na ara nínú rẹ̀. Ẹ má gbé e sórí sìmẹ́ńtì lásán. Ẹ fi pákó tẹ́ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá tẹ́ aṣọ gbígbẹ sínú. Ẹ máa pààrọ̀ aṣọ náà tó bá ti tutù. Ẹ má jẹ́ kó kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú ibẹ̀ yẹ kó gbóná tó 29 sí 32 Celsius.

Ohun tí a fi ń mú un gbóná: Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike, ẹ fi táwẹ́lì wé e, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan péré, kí ọmọ ajá lè wọ́ kúrò tí ooru bá pọ̀ jù. Ike tó bá ti tutù, ẹ tètè yọ ọ́. Tí wọ́n bá gun ara wọn tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn. Tí wọ́n bá fọ́n ká tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru ti pọ̀ jù. Tí wọ́n bá sùn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ti dáa nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé iná èédú sínú yàrá tí a ti pa. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, a kì í sì í rí i. Ó lè pa ajá, ó sì lè pa onílé pẹ̀lú.

Èyí tó ti tutù: Ẹ má fún un ní wàrà o! Ikùn rẹ̀ kò lè lo oúnjẹ lásìkò yẹn, wàrà sì lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé e mọ́ àyà, kí ẹ fi aṣọ bò ó, kó máa móoru díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó bá ń wá ọmú kiri ni kí ẹ tó dá a padà fún ìyá rẹ̀. Ẹ fún ìyá náà lóúnjẹ àti omi dáadáa.

Tí ẹ bá rí i pé kò gbádùn síbẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Ahmadu Bello University wà nítòsí wa níbí. Òtútù ló yẹ ká kọ́kọ́ lé lọ, ká tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ.