Sendero Luminoso: Ogun Tí Wọ́n Fi Orúkọ Àgbẹ̀ Jà ní Perú

Orúkọ àwọn àgbẹ̀ orí òkè Andes ni ẹgbẹ́ Sendero Luminoso fi gbé ìbọn ní orílẹ̀-èdè Perú lọ́dún 1980. Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ti Perú ni wọ́n ń pe ara wọn. Sendero Luminoso, ìyẹn ọ̀nà tó ń tàn yòò, ni aráyé mọ̀ wọ́n sí. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà, ìyẹn ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀, parí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2003, ó fojú bù ú pé èèyàn 69,280 ló kú tàbí tó di àwátì láàárín ọdún 1980 sí 2000. Nínú àwọn tí wọ́n ròyìn ikú wọn fún ìgbìmọ̀ náà, mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jẹ́ pé Quechua tàbí èdè ìbílẹ̀ mìíràn ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn. Bẹ́ẹ̀, ìdá 16 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni irú wọn láàárín gbogbo ọmọ Perú nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 1993. Àwọn tí wọ́n ní àwọn ń jà fún gan-an ni ogun náà jẹ run. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ó fi ata sẹ́nu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá

Ayacucho ni ọ̀tẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹkùn tó tálákà jù lọ ní Perú. Láti ìgbà ìjọba àmúnisìn Sípéènì ni àwọn onílẹ̀ ńlá ti gba ilẹ̀ tó dára lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́, tí àwọn tó ń sọ Quechua sì di ẹni tó ń ro oko olóko. Òfin tún dí ọ̀nà ìdìbò mọ́ ẹni tí kò bá mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, èyí tó yọ ọ̀pọ̀ ará òkè kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Ọ̀gágun Juan Velasco Alvarado, tó fi ìbọn gbàjọba lọ́dún 1968, pín ilẹ̀ àwọn onílẹ̀ ńlá láti ọdún 1969. Agbára àwọn olówó ìgbàanì fọ́ lóòótọ́, àmọ́ ní Ayacucho, níbi tí ilẹ̀ ọlọ́ràá kò ti tó nǹkan, ìyà àwọn aláìní kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù.

Ẹ̀kọ́ ni ohun tí àwọn òbí gbójú lé. Lọ́dún 1959, wọ́n tún Yunifásítì San Cristóbal de Huamanga ṣí ní Ayacucho lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti wà ní títì, àwọn ọmọ àgbẹ̀ sì rọ́ wọ ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun fẹ́ dín ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kù ní oṣù Kẹfà ọdún 1969, àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn òbí wọn tú síta ní Ayacucho àti Huanta, àwọn ọlọ́pàá sì yìnbọn pa nínú wọn. Ìran àwọn ọ̀dọ́ kan wá dìde tó kàwé, tó ń bínú, tí kò sì rí iṣẹ́ tó bá ìwé rẹ̀ mu. Inú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni Sendero ti rí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn tó yí i ká

Abimael Guzmán ni olórí wọn. Ìtòsí Mollendo, ní etíkun gúúsù Perú, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1934. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò àti ìmọ̀ òfin ní Arequipa, ó sì kọ ìwé àṣekágbá lórí Kant, onímọ̀ ará Jámánì. Lọ́dún 1962 ó wá ṣe olùkọ́ ní Huamanga. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ló sì ń dá lẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti gboyè, abúlé ni ìjọba ń gbé wọn lọ, ẹ̀kọ́ Guzmán a sì bá wọn débẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ti ní ẹsẹ̀ ní ọ̀pọ̀ abúlé kí ó tó ní ìbọn.

Láàárín 1965 sí 1967, Guzmán lọ sí Ṣáínà, ó sì rí Ìyípadà Àṣà tí Mao Zedong, olórí ibẹ̀, gbé dìde. Ẹgbẹ́ kọ́múníìsì Perú ti pín sí méjì lọ́dún 1964, àwọn kan tẹ̀ lé Mọ́sókò, àwọn kan tẹ̀ lé Ṣáínà. Ọ̀dọ̀ àwọn ti Ṣáínà ni Guzmán wà, kó tó kó àwọn tirẹ̀ jáde ní nǹkan bí ọdún 1970. José Carlos Mariátegui, òǹkọ̀wé tó dá ẹgbẹ́ sósíálíìsì Perú sílẹ̀ lọ́dún 1928, ni wọ́n gba ọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tó ń tàn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Mariátegui ti kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni gbòǹgbò ìyà àwọn ọmọ onílẹ̀. Guzmán ní tirẹ̀ gbà pé ẹ̀jẹ̀ ni yóò yanjú rẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n máa retí ikú ara wọn. Wọ́n ń pè é ní Ààrẹ Gonzalo. Wọ́n kà á mọ́ Marx, Lenin àti Mao gẹ́gẹ́ bí idà kẹrin ti ẹ̀kọ́ kọ́múníìsì.

Àwọn olóyè ẹgbẹ́ náà kì í ṣe àgbẹ̀. Augusta La Torre, ìyàwó Guzmán tó kú lọ́dún 1988, àti Elena Iparraguirre tó bọ́ sípò igbákejì, kàwé dáadáa. Olóyè mìíràn ni Osmán Morote, bàbá rẹ̀ ti jẹ́ olórí Yunifásítì Huamanga. Ọmọ ọ̀gágun ni Óscar Ramírez Durand, tí wọ́n ń pè ní Feliciano. Àwọn obìnrin pọ̀ ní ipò gíga níbẹ̀ ju bó ṣe rí nínú àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú yòókù ní Perú. Ṣùgbọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹni kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ àṣẹ.

Láti Chuschi dé gbogbo orílẹ̀-èdè

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kárùn-ún ọdún 1980, wọ́n dáná sun àpótí ìbò ní abúlé Chuschi ní Ayacucho. Ìdìbò ọjọ́ kejì ni yóò fòpin sí ọdún 12 ìjọba ológun. Òun náà sì ni ìdìbò àkọ́kọ́ tí òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1979 fi gba àwọn tí kò mọ̀wé láàyè láti dìbò. Nígbà tó ku ọ̀la kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Quechua kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wọn yan olórí, àwọn tó ní àwọn ń jà fún wọn ló sun ìwé ìbò.

Ìjọba tuntun ti Fernando Belaúnde Terry fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, òkú ajá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lára òpó iná ní Lima, olú-ìlú Perú, pẹ̀lú orúkọ Deng Xiaoping, olórí Ṣáínà tí wọ́n kà sí ọ̀dàlẹ̀ Mao. Ní oṣù Kẹta ọdún 1982, wọ́n ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Ayacucho, wọ́n sì tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Edith Lagos, ọmọbìnrin kan tó wà nínú àwọn tó jáde, kú lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní oṣù Kẹsàn-án ní ọmọ ọdún 19, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì jáde sìnkú rẹ̀. Èyí fi hàn pé àwọn kan ṣì ń retí oore lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà. Ìgbà tí ọdún náà ń parí lọ, ìjọba fa Ayacucho lé àwọn ṣọ́jà lọ́wọ́.

Ẹ̀gún lọ́wọ́ olùrànlọ́wọ́

Ìrètí yẹn kò tọ́jọ́. Sendero pa àwọn ayánilówó-èlé àti àwọn olè màlúù, àwọn ará abúlé kan sì yìn wọ́n. Kò pẹ́ tó fi di pé wọ́n ń pa àwọn olórí abúlé, tí wọ́n ń fi ọ̀dọ́langba jẹ oyè lé àwọn àgbà lórí. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn gbin ìwọ̀nba oúnjẹ tí wọn yóò jẹ, wọ́n sì ti ọjà ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pa kí ebi lè pa ìlú ńlá. Ọjà ni àgbẹ̀ ti ń rí iyọ̀ àti aṣọ. Ẹni tó bá ti ọjà mọ́ ọn, ilé rẹ̀ ló tì.

Nígbà tí àwọn ará Lucanamarca pa ọ̀gá Sendero kan ní àdúgbò wọn, ẹgbẹ́ náà gbẹ̀san ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 1983. Wọ́n fi àáké, àdá àti ìbọn pa èèyàn 69 ní Lucanamarca àti àwọn abúlé tó yí i ká. Ọmọdé wà lára wọn, títí kan ọmọ ọwọ́. Lọ́dún 1988, Guzmán jẹ́wọ́ fún ìwé ìròyìn El Diario pé àwọn olórí ẹgbẹ́ ló pàṣẹ rẹ̀ láti fi kọ́ àwọn ará ibẹ̀ lọ́gbọ́n.

Nínú igbó ìlà-oòrùn, wọ́n kó àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Asháninka lẹ́rú. Ìgbìmọ̀ ìwádìí fojú bù ú pé nǹkan bí 6,000 Asháninka ló kú, tí nǹkan bí 5,000 sì wà ní ìgbèkùn. Ní Lima, María Elena Moyano, igbákejì olórí ìlú Villa El Salvador, ń bá àwọn ìyá ṣètò mílíìkì fún àwọn ọmọdé àti ilé ìdáná àjùmọ̀ní, ó sì ń bá Sendero wí ní gbangba. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1992, wọ́n yìnbọn pa á níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì fi dínámáìtì fọ́ òkú rẹ̀. Ọmọ ọdún 33 ni. Ní oṣù Keje ọdún náà, bọ́ǹbù inú ọkọ̀ pa èèyàn 25 ní òpópónà Tarata ní àdúgbò àwọn olówó. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ará Lima tó mọ ohun tí Ayacucho ti ń fojú rí fún ọdún méjìlá.

Ìbọn ìjọba náà kò yan ẹni

Ẹ̀bi ìjọba kò kéré. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985, àwọn ṣọ́jà pa ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Accomarca, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1986, nígbà ìjọba Alan García, àwọn ẹlẹ́wọ̀n Sendero ṣọ̀tẹ̀ ní àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n Lima àti El Frontón, àwọn ológun sì pa èyí tó lé ní 200, títí kan àwọn tó ti juwọ́ sílẹ̀. Lábẹ́ Ààrẹ Alberto Fujimori, ẹgbẹ́ apani abẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Grupo Colina pa èèyàn 15 ní Barrios Altos lọ́dún 1991, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan wà níbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án àti olùkọ́ kan ní La Cantuta, wọ́n sì pa wọ́n.

Ní oṣù Keje ọdún 1983, àwọn ṣọ́jà wá mú ọmọ Angélica Mendoza lọ nílé ní Ayacucho, kò sì padà wá mọ́. Mama Angélica kó àwọn ìyá bíi tirẹ̀ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ ANFASEP sílẹ̀ lọ́dún yẹn, wọ́n sì ń wá àwọn ọmọ wọn láàárín òkú inú kòtò. Ó ń wá ọmọ náà títí ó fi kú lọ́dún 2017.

Bí wọ́n ṣe ṣẹ́gun Sendero

Ìpakúpa kọ́ ló ṣẹ́gun wọn. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn dá ẹgbẹ́ aláàbò sílẹ̀ ní abúlé dé abúlé, wọ́n ń fi ọ̀kọ̀ àti ìbọn ìbílẹ̀ ṣọ́ ilẹ̀ wọn. Nígbà tó di ọdún 1991, òfin fọwọ́ sí i, ìjọba sì fún wọn ní ìbọn. Ní Lima, ẹ̀ka kékeré kan nínú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá, GEIN, tí Benedicto Jiménez dá sílẹ̀ lọ́dún 1990, ń ṣọ́ àwọn ilé, wọ́n ń tú pàǹtírí tí wọ́n dà síta. Pàǹtírí ilé kan ní Surquillo, níbi tí oníjó kan ti ń kọ́ àwọn ọmọ níjó nísàlẹ̀, ní òògùn àrùn awọ tó ń ṣe Guzmán nínú. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, wọ́n wọlé, wọ́n mú òun àti Iparraguirre, ẹnikẹ́ni kò sì kú. Lọ́dún 1993, láti inú ẹ̀wọ̀n, Guzmán bẹ̀bẹ̀ fún àdéhùn àlàáfíà. Ẹgbẹ́ tí ohùn kan ṣoṣo ń darí fọ́. Wọ́n mú Feliciano lọ́dún 1999.

Ìṣirò tó kù

Nínú ikú àti ìpòórá tí àwọn èèyàn wá ròyìn fún Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà, tí Salomón Lerner ṣe alága rẹ̀, ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ti Sendero. Apá tó pọ̀ nínú ìyókù jẹ́ ti àwọn ológun àti ọlọ́pàá. Wọ́n dá Guzmán lẹ́jọ́ ẹ̀wọ̀n gbére, ó sì kú sí àhámọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Fujimori gba ẹ̀wọ̀n ọdún 25 lọ́dún 2009 nítorí Barrios Altos àti La Cantuta. Ní àfonífojì odò Apurímac, Ene àti Mantaro, àwọn ìyókù tó ti kọ Guzmán sílẹ̀ ṣì wà, owó kokéènì ni wọ́n ń jẹ.

Ìyà tí Guzmán tọ́ka sí ní Ayacucho kì í ṣe irọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ fi tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kò bi àgbẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́ rí, àwọn ológun náà kò sì bi í. Ìgbìmọ̀ Lerner sọ ọ́ ní gbangba pé ìkórìíra tí àwọn ará Perú mìíràn ní sí àwọn tó ń sọ Quechua wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kú láìsí ẹni tó pariwo. Ẹgbẹ́ tàbí ìjọba tó bá ní tálákà ni òun ń gbèjà, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣe sí tálákà tó bá sọ pé òun kò fẹ́. Ìdáhùn Lucanamarca àti Accomarca sí ìbéèrè yẹn ló yẹ kó dúró lọ́kàn gbogbo ẹni tó bá ń ka ìtàn ogun yìí.